Owó Ilẹ̀ Tán, Ó Ku Owó Ẹni Tó Máa Wọ̀n Ọ́n

Télọ̀ ni mí ní Ẹdẹ, ìwọ̀n sì ni iṣẹ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti gba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, n kò tíì wọn àyà ẹnikẹ́ni kí n ní kó sanwó ìwọ̀n lọ́tọ̀. Mo ń wọn apá, mo ń wọn ọrùn, mo ń wọn ikùn tí oníkùn kò fẹ́ kí n ka iye rẹ̀ sókè, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn kò ní aṣọ í rán. Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ti sanra ni. Mà á wọ̀n wọ́n, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ìgbà tó wá kàn mí kí ẹlòmíì wọn nǹkan tèmi ni mo mọ̀ pé ìwọ̀n lówó lórí tó bẹ́ẹ̀.

Pulọ́ọ̀tì kan ni mo rà lójú ọ̀nà tó lọ sí Sẹ̀kọ́nà, ẹsẹ̀ bàtà 50 níbùú, 100 lóòró, bí wọ́n ṣe ń tà á fún gbogbo ayé lágbègbè wa. Owó ilẹ̀, mo san án. Owó tí àwọn àgbà ẹbí fi buwọ́ lùwé, mo san án. Ajẹ́ntì gba tirẹ̀, lọ́yà gba tirẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ kan tí n kò rí sójú ní gbogbo ìgbà tí a ń dúnàá-dúrà yọ gannboro lọ́jọ́ tí a fẹ́ gba rìsíìtì, ó ní òun ni àrẹ̀mọ, ọtí òun dà? Mo fún òun náà. Inú mi ti ń dùn bọ̀ nígbà tí lọ́yà la ẹnu, ó ní, "Ọ̀gá Télọ̀, ẹ kú oríire o. Ó wá ku ìwé sọ́fè."

Sọ́féyọ̀ tó kọ́kọ́ wá ní ₦280,000. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, kò sì dín in. Ẹni tó kéré jù nínú òṣìṣẹ́ ìjọba Ọ̀ṣun, ₦75,000 ni wọ́n fọwọ́ sí pé kó máa gbà lóṣù. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà kò ní jẹun fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin, kò ní wọ ọkọ̀, kò ní ra oògùn ibà, ọmọ rẹ̀ kò ní mú ìwé tuntun lọ sílé ẹ̀kọ́, kó tó lè rí ẹni tó máa sọ fún un ibi tí ilẹ̀ tó ti fi owó ra tẹ́lẹ̀ dé. Mo ní kí ọ̀gá sọ́féyọ̀ gba ₦50,000. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gùn ju pulọ́ọ̀tì náà lọ.

Bàbá tó bí mi kò ní ìwé sọ́fè. Pèrègún ni wọ́n fi pààlà oko rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín, ẹni tó ni ọwọ́ ọ̀tún wà níbẹ̀, ẹni tó ni ọwọ́ òsì wà níbẹ̀, wọ́n jọ fi obì sẹ́nu, ó parí. Ẹ gé pèrègún, á rú. Ẹ sun igbó, á tún yọ. Kò béèrè owó ọkọ̀, kò béèrè owó oúnjẹ àwọn ọmọṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé ayé ti yàtọ̀, pé ọmọ ayé ìsinsìnyí lè hú pèrègún lóru. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ń bọ̀ wá sọ ohun tí wọ́n fi píláà oníkọ̀nkéré ṣe lẹ́yìn tí mo ti sanwó rẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo ti bẹ̀bẹ̀ títí, tí mo ti fi ẹ̀bùn aṣọ kan kún un, ọkùnrin náà gbà láti dín díẹ̀. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ wá, àdá lọ́wọ́ ẹnì kan, ṣọ́bìrì lọ́wọ́ èkejì. Èmi ń retí okùn tàbí tépù gígùn tí wọ́n máa nà láti igun dé igun, kí n bá wọn di ẹ̀gbẹ́ kan mú, torí tépù, ẹnikẹ́ni kò ní kọ́ mi. Kò sí okùn, kò sí tépù. Ọ̀pá gígùn kan ni wọ́n mú jáde, wọ́n gbé nǹkan róbótó kan lé e lórí, ọmọkùnrin kan dì í mú ní igun ilẹ̀, kò sì mira. Mo béèrè ohun tó ń ṣe. Wọ́n ní ó ń dúró de sátẹ́láìtì. Mo gbójú sókè. Àwòdì kan ṣoṣo ni mo rí. Nígbà tó yá, nǹkan náà dún fíìn, wọ́n gbé e lọ sí igun kejì. Kí ọmọṣẹ́ mi tó gé ṣòkòtò kan tán, wọ́n ti parí. Wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n ri òpó kúkúrú sí igun kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé orí. Ọ̀gá sọ́féyọ̀ wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó mi orí, ó ní ilẹ̀ mi kò pé. Ohun tí mo rà yẹ kó lé díẹ̀ ní mítà 15 níbùú, kó sì lé díẹ̀ ní mítà 30 lóòró. Ó ní mítà 14 lórí mítà 28 ni òun rí. Yàrá mẹ́rin, ó kéré tán, ló lè wọnú ohun tó sọnù níbẹ̀. Mo wá san owó rẹpẹtẹ kí wọ́n tó wá fún mi ní ìròyìn òfò! Mo sáré tọ ẹni tó tà á fún mi lọ. Ó ní ẹsẹ̀ ni àwọn fi wọ̀n ọ́n, láti ayé bàbá àwọn ni àwọn sì ti ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lè wọ bàtà rẹ̀, kó má tilẹ̀ fún un láyè. Nígbà tó rí i pé mo ń wo ẹsẹ̀ òun, ó ní ilẹ̀ a máa súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Aṣọ òwú tí wọn kò tíì fọ̀ ni mo mọ̀ pé ó máa ń súnkì.

Mo gba ìwé náà ṣá. Kí n má purọ́, ìwé tó rẹwà ni. Orúkọ mi wà lókè gàdàgbà-gadagba, ọfà kan tọ́ka sí àríwá, wọ́n fi ìlà pupa yí ilẹ̀ mi ká, èdìdì sọ́féyọ̀ wà nísàlẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi férémù sí i, kí n gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Lọ́yà mi ló bà mí nínú jẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá Télọ̀, ìwé yìí kò sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀ o. Ibi tí ilẹ̀ wà àti bó ṣe tóbi tó ló sọ." Mo ní orúkọ ta ni ó wà lókè yìí? Ó ní orúkọ mi ni. Mo ní ta ló ni ilẹ̀? Ó ní ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin sí mi létí. Ó ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti là á sílẹ̀ ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, pé ọ̀nà 5 ni ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn bí ó ṣe dé ọwọ́ ẹbí, ìwé àṣẹ, lílo ilẹ̀ náà bí olówó rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, jíjókòó lórí rẹ̀ pẹ́ títí, àti níní ilẹ̀ tó fara kan án ní ọ̀nà tó fi dájú pé ti ẹni náà ni. Ìwé sọ́fè nìkan kò sí nínú márààrún. Àmọ́ bí ẹjọ́ bá délẹ̀, ó ní adájọ́ á kọ́kọ́ béèrè pé ilẹ̀ wo gan-an ni mò ń pè ní tèmi, ìwé yìí ni mà á sì nà sókè. Ẹ ò rí nǹkan! Kò tó láti fi gba ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò ní i lè pàdánù ilẹ̀.

Kì í kúkú ṣe pé gbogbo rẹ̀ ló burú. Kí ènìyàn tó ra ilẹ̀ lágbègbè wa, sọ́féyọ̀ gidi á gbé nọ́ńbà ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Abẹ́rẹ́, níbi tí wọ́n á ti tẹ́ ẹ lórí àwòrán ilẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Mo mọ ènìyàn tí kò ṣe èyí, tó kọ́lé dé òrùlé, kó tó mọ̀ pé ojú ọ̀nà tí ìjọba fẹ́ là ni pálọ̀ òun wà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ra ilẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti tẹ́ ẹ wò, ẹ sá.

Ohun tó ń bí mi nínú wà nínú òfin mìíràn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun ṣe òfin ilẹ̀ kan tó ní gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà lọ́wọ́ gómìnà, kó máa bójú tó o fún gbogbo ará ìlú. Òfin náà ṣì wà títí dòní. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní C of O, ọdún 99 ni wọ́n sábà máa ń kọ fún un, kì í ṣe títí ayé. Ó dáa. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Gómìnà Ademola Adeleke tó gorí àlééfà ní 2022, ọmọ Ẹdẹ ni, a sì dìbò fún un. Ìbéèrè kan péré ni mo ní: bí ilẹ̀ bá wà lọ́wọ́ gómìnà, kí ló dé tí kì í ṣe gómìnà ló ń wọ̀n ọ́n? Nígbà tí àwọn òyìnbó fẹ́ la ojú irin kọjá ní Ẹdẹ, kí rélùwéè tó dé Òṣogbo ní 1907, àwọn fúnra wọn ni wọ́n wọn ibi tí wọ́n fẹ́ gbà. Wọn kò ní kí bàbá ńlá mi kó owó wá. Ẹni tó bá ni ẹrù ló ń sanwó òṣùwọ̀n ní ọjà Tìmì ní Ẹdẹ níbí.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi jẹ́ sọ́féyọ̀, kì í ṣe ẹni tó bá mi ṣe é. Ó wá rán agbádá ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, mo sì fi tépù dá a dúró, mo ní kò ní kúrò níbẹ̀ títí tó fi máa sọ ibi tí owó wa ń wọ̀. Ó rò ó fún mi lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò, owó dọ́là ni wọ́n fi ń kó o wọ̀lú, gbogbo wa la sì mọ ohun tójú náírà rí láti oṣù Kẹfà 2023. Ó ní epo mọ́tò ńkọ́, láti ọjọ́ tí Ààrẹ Tinubu ti gun orí pèpéle, tó ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Ó ní àwọn ń sanwó fún àjọ SURCON tí òfin dá sílẹ̀ ní 1989, tó ń ṣọ́ iṣẹ́ wọn, torí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lọ́dọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé sọ́fè. Ó ní ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, ìyẹn náà ní owó tirẹ̀. Ó tún ní gbogbo ìwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà ló rọ̀ mọ́ òpó kan tí wọ́n ń pè ní L40, ní Minna ní Ìpínlẹ̀ Niger. Mo bi í bóyá owó ọkọ̀ láti Minna dé Ẹdẹ ló wà nínú owó mi. Kò dáhùn, ṣùgbọ́n ó na apá kí n wọ̀n ọ́n.

Ó ní kí n má fi ojú olè wo àwọn sọ́féyọ̀, pé Herbert Macaulay tó wà lára owó ẹyọ náírà 1 pàápàá, sọ́féyọ̀ ni. Mo mọ ìyẹn. Ọmọ ọmọ Àjàyí Crowther, tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Plymouth, tó fi iṣẹ́ ìjọba òyìnbó sílẹ̀ ní 1898, tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Òun ló tẹ̀lé Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, lọ sí London nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ wọn ní Àpápá, tí ìgbìmọ̀ ọba sì dá wọn láre ní 1921 pé ilẹ̀ ní olówó kí òyìnbó tó dé. Mo ní tó bá rí báyẹn, kí sọ́féyọ̀ òde òní náà dúró lẹ́yìn mẹ̀kúnnù, kó má dúró lẹ́nu àpò rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò yé mi, kí n rora wọn ikùn òun.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tó sọ kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ó ní iṣẹ́ tó wọ́n jù kì í ṣe wíwọ̀n. Gbígbé ẹ̀rọ, ọmọṣẹ́ àti mọ́tò dé orí ilẹ̀ ni, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ń tì kiri láti tábìlì kan dé èkejì. Pulọ́ọ̀tì kan, pulọ́ọ̀tì mẹ́wàá, ìrìn àjò kan náà ni. Ìyẹn ni wọ́n fi sọ fún ìyàwó mi pé ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì tó rà lẹ́yìn tèmi, tó fẹ́ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, owó odidi pulọ́ọ̀tì ló máa san. Ó bi wọ́n bóyá ààbọ̀ sọ́féyọ̀ ni wọ́n lè rán wá.

Mo wá jókòó, mo ro ó. Píláà méjì tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi, òun náà ni píláà ọwọ́ òsì aládùúgbò mi. Aládùúgbò yìí ti wọn ilẹ̀ tirẹ̀ kí n tó wọn tèmi. Ó sanwó ààlà yẹn. Èmi náà sanwó ààlà kan náà. Bí ìyàwó mi bá wọn tirẹ̀, ìlà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀ mi ni iwájú tirẹ̀, á tún sanwó rẹ̀ nígbà kejì nínú ilé kan ṣoṣo. Òpópónà kan, ilé ogún, ìgbà ogún ni mọ́tò sọ́féyọ̀ á wá, oníkálukú á dá tirẹ̀ san, oníkálukú á dá tirẹ̀ ṣépè. Èmi kò rí irú ètò yìí rí. Kódà, aṣọ ẹbí, bí ènìyàn bá kó ogún wá, mo ń dín owó.

Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe lọ́nà mìíràn. Orílẹ̀-èdè Rwanda, tó kéré sí Nàìjíríà jìnnà, láàárín 2009 sí 2013, wọ́n pààlà ilẹ̀ tó ju mílíọ̀nù 10 lọ, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò gbogbo ìlú láti òkè, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá, wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò níṣẹ́ díẹ̀. Onílẹ̀ á dúró lórí ààlà rẹ̀, aládùúgbò á dúró lódì kejì, tí wọ́n bá ti gbà, ọ̀dọ́ á fa ìlà lórí fọ́tò lójú gbogbo wọn. Iye tí ilẹ̀ kan ná wọn kò tó dọ́là 10. Ìjọba àti àwọn tó ràn án lọ́wọ́ ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó náà. Kò pé tó ti ẹ̀rọ tó ń dúró de sátẹ́láìtì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kí ló yàtọ̀ sí pèrègún bàbá mi, àfi pé wọ́n ya fọ́tò rẹ̀?

Kì í sì í ṣe àìmọ̀ ló ń dà wá láàmú. Iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ sọ́féyọ̀ ní Ọ̀yọ́, 1908 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, nínú ìpínlẹ̀ wa níbí, iléèwé kan wà láti 1972 tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ń rán ọmọ wá sí, tí wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò òfúrufú wọn ilẹ̀. AFRIGIST ni wọ́n ń pè é báyìí. Àlejò ń wá kọ́ ọ nílé wa, wọ́n wá ń ní kí èmi onílé san ₦280,000.

Mo ṣèlérí ọ̀rọ̀ píláà. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo lọ wo ilẹ̀ mi. Mẹ́ta ló wà nídìí. Mo wá ìkẹrin títí, n kò rí i, àfi ihò. Bí mo ṣe ń bọ̀ wálé ni mo rí i lẹ́yìnkùlé ẹnì kan, nọ́ńbà rẹ̀ kọjú síta, wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ilé adìyẹ. Ìyá arúgbó tó ni adìyẹ bẹ̀ mí, ó ní àwọn ọmọdé ló hú u, òun kò mọ̀ pé nǹkan olówó ni. Òfin sì ní ẹni tó bá hú píláà ti ṣẹ̀. Kí ni kí n fà á lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá sí? Sọ́féyọ̀ ní òun lè wá tún un rì, ṣùgbọ́n òun máa gba owó ọkọ̀. Mo ní kó fi sílẹ̀.

Ìjọba ní Abẹ́rẹ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ kó sọ́féyọ̀ jọ, ẹ mú wọn gba àdúgbò kan lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo onílẹ̀ jáde dúró lórí ààlà rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí oníkálukú san ìwọ̀nba tí apá rẹ̀ ká. Owó tí ẹ máa rí gbà lórí C of O á pọ̀ sí i, torí ẹni tí kò rówó ìwé sọ́fè kò lè dé ibi C of O láéláé. Ẹ̀yin sọ́féyọ̀ náà kò ní pàdánù. Owó kékeré lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn sàn ju owó ńlá lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń sá fún yín.

Àmọ́ kí ìjọba tó dáhùn, ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ tí ẹ kò tíì wọ̀n ní apá ibi tí mo wà, ẹ má dá sọ́féyọ̀ pè o. Ìpàdé láńdílọ́ọ̀dù àdúgbò wa máa ń wáyé ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ẹ mú rìsíìtì yín dání. Oníbàárà mi, ìyẹn sọ́féyọ̀ alágbádá, ti fọwọ́ sí i pé bí a bá pé ogún, ìdajì owó lòun máa gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ kọ orúkọ. A ti di mọ́kànlá.